Ta Ni Ẹ Fi Àwọn Ọmọdé Sí Lọ́wọ́ Ní Ọjọ́ Ìsinmi?

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo wa nínú, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ lójú ewé yìí, níbo ni a ó ti sọ ọ́?

Mo lọ jọ́sìn ní ìjọ kan ní ìlú Ọ̀yọ́. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. Ìsìn dùn, orin dùn, gbohùngbohùn ń dún dé títì. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa lọ sí kíláàsì wọn, mo tẹ̀lé wọn, torí pé ọmọ-ọmọ mi wà láàrin wọn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n kó wọn lọ, lábẹ́ páànù tí oòrùn ti ń mú gan-an. Àwọn ọmọ tí ó tó ogójì há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ni tíṣà wọn. Kò ní ìwé lọ́wọ́, kò ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí wọ́n kọrin, wọ́n kọrin. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pín bisikíìtì fún wọn, kíláàsì sì tú ká.

Ẹ má jẹ́ kí a dá ọmọ yẹn lẹ́bi. Ohun tí àwọn àgbà ìjọ gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí àwọn ọmọ má pariwo. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó jẹ́.

Mo pe ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ṣí Bíbélì Yorùbá mi sí Orin Dáfídì 23, mo ní kí ó kà á fún mi. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni mo mọ̀." Lóòótọ́ ó mọ̀ ọ́n, ó kà á lórí láì ṣì í. Mo wá bi í pé kí ni olùṣọ́-àgùntàn ń fi ọ̀pá ṣe. Kò mọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni o, tí ó ń rí darandaran àti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà!

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí àwọn Júù. Àṣẹ tí Mósè pa fún wọn nínú Deutarónómì orí kẹfà, pé kí bàbá máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé àti lójú ọ̀nà, wọn kò sọ ọ́ nù títí di òní. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọmọ Júù ń lọ sí ilé-ìwé bíi ti ọmọ gbogbo ayé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, sínágọ́gù ni wọ́n ń gbà lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ábídí Hébérù, tí a ń kà láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì, àti àdúrà, àti ìdí tí a fi ń ṣe àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọmọkùnrin bá pé ọdún mẹ́tàlá, yóò dúró níwájú ìjọ, yóò sì ka Tórà láti inú ìwé kíká. Ní ọ̀pọ̀ sínágọ́gù lónìí, àwọn ọmọbìnrin náà ń kà á. Ìwé kíká yẹn kò ní àmì fáwẹ̀lì kankan lára, nítorí náà ẹni tí kò bá kọ́ ọ dáadáa kò lè fi ẹ̀tàn kà á. Àṣà àtijọ́ kan tilẹ̀ wà láàrin wọn: lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé, wọn a fi oyin pa ojú lẹ́tà, ọmọ a sì lá a. Àwa tí a ń fi oyin sọmọ lórúkọ, ó yẹ kí èyí yé wa.

Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wa fúnra rẹ̀ ṣe rí lọ́mọ ọdún méjìlá. Lúùkù orí kejì sọ ibi tí wọ́n ti rí i: àárín àwọn olùkọ́ nínú tẹ́ńpìlì, ó ń gbọ́, ó ń bi wọ́n léèrè. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ni ó bá jókòó. Wọn kò ní kí ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn Júù Amẹ́ríkà ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ní 1780, ní ìlú Gloucester, Robert Raikes, oníwèé ìròyìn bíi tiwa, kó àwọn ọmọ tálákà tí ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé jọ, ó sì gba olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn ní ìwé kíkà kí wọ́n lè máa ka Bíbélì. Nígbà tí ó di 1838, obìnrin Júù kan, Rebecca Gratz, wo ohun tí àwọn Krìstẹ́nì ń ṣe ní Philadelphia, ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ, síbẹ̀ ó bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ náà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà, nítorí òun ni èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹni tí ó kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wa kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Àwa tí a ni ín ńkọ́?

Ìwé kíkà ni ó bí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, nílẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa tí kò fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí, kíláàsì ìjọ ni wọ́n ti kọ́ a, b, d, títí wọ́n fi ń ka Bíbélì Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ parí ní 1884. Ṣé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ó ti máa wá olùkọ́ tì, níbi tí Bowen dé ní 1855, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1898? Àbí ní Ọ̀yọ́, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Andrew ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tíṣà ní 1896, níbi tí Àlùfáà Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897? Tíṣà ni Johnson kí ó tó di àlùfáà.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí ń wí. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi jẹun. Èmi náà kò ní kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ aládùúgbò yín tí ó jẹ́ Mùsùlùmí: ó ti ilé-ìwé dé, ó gbé wàláà, ó di ilé kéwú. Èdè Lárúbáwá tí ìyá rẹ̀ kò sọ nílé ni ó ń kọ́, kò sì torí ẹ̀ fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni tiwa, ọmọ ti gbọ́ ọ láti inú oyún. Àmì orí rẹ̀ àti ìkọ̀wé rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ ṣí ìwé ìṣúná yín. Ẹ wo iye tí a ná lórí jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, kí ẹ wá wo iye tí ó wà níwájú orúkọ àwọn ọmọdé. Ní ìjọ tí mo sọ yẹn, owó bisikíìtì nìkan ni. Àwọn tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú ìjọ wa, wọ́n jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà. Ta ni ó ti bẹ̀ wọ́n rí?

Ẹnikẹ́ni kò bẹ èmi náà, mo kàn lọ bá pásítọ̀ ni. Wọ́n fún mi ní igun kan nínú fẹ́síríì àti ìdajì wákàtí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni a fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn sì wà níbẹ̀. A ti dé ẹsẹ kẹrin, níbi tí ọ̀pá wà.