Wíwọ̀n Là Ń Wọn Oògùn, A Kì í Fojú Bù Ú



Ní ọjọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ara ọmọ náà gbóná. Mo ní, "Ìyá Ọmọ, kí lo ti fún un?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Paracetamol inú ìgò kékeré yìí ni. Ṣíbí mẹ́ta láti alẹ́ àná. Mo ra ìgò kékeré kí ó má baà le jù fún ọmọdé." Àyà mi já. Kíá ni a gbé ọmọ lọ sí Òṣogbo. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ náà yè.

Ẹ wo àṣìṣe náà. Nínú oògùn olómi ti ìgò ńlá tó wọ́pọ̀, ṣíbí 5 mílílítà ní nǹkan bíi 120 mílígíráàmù. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń kán sí ìkókó lẹ́nu sábà ní 100 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ṣíbí kan rẹ̀ jẹ́ 500, odindi hóró kan tí àgbàlagbà ń lò! Ìgò kékeré ló le jù. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó hàn.

Ní 1927, Ọ̀gbẹ́ni J. W. Trevan ti Ìlú Ọba fi hàn pé ìwọ̀n tí yóò pa ẹranko kan lè má pa èkejì. Ó ní kí a máa wá iye tí ń pa ìdajì wọn. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi mọ àlàfo tí ó wà láàárín èyí tí ń woni àti èyí tí ń pani. Ẹni tí ó bá fojú bu oògùn ti da iṣẹ́ wọn nù.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ìyá mi kò wọn àgbo fún mi rí, mo sì yè." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yè ní ń rojọ́. Ẹni tí kò yè kò sí níbẹ̀.

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá. Ní ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ọmọ 84 ni a kà pé ó kú ní Nàìjíríà nítorí My Pikin, oògùn eyín tí diethylene glycol, májèlé tí ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ inú rẹ̀. Ìyá tí ó wọ̀n ọ́n dáadáa pàápàá kò bọ́. Kí ẹni tí ń ṣe oògùn yẹ tirẹ̀ wò, kí àwa náà wọn tiwa. Kí ẹni tí ń tà á má sì tà á láìsí ohun ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ ka ara páálí. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ gbé e wá. Ohun ìwọ̀n tí ó bá ìgò wá ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ìdáná. Bí ẹ bá ti ṣì í fún ọmọ, ẹ má dúró de àmì: ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà wá lójú ẹsẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.