Ọmọ tí kò jẹ ẹran ìgbẹ́



Ìyá kan dá wa dúró lẹ́yìn Mísà. Ó ní, “Ẹ gbà mí o. Bàbá àwọn ọmọ gbé ọ̀yà wá sílé, mo sè é, àbíkẹ́yìn wa kọ̀, kò jẹ. Ó ní ẹran náà ní ìyá tirẹ̀.” A bi ọmọ náà níbi tó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú tẹlifíṣọ̀n ni.

Ìdí nìyẹn tí àwa náà fi jókòó wo ohun tí àwọn ọmọ ń wò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní Amẹ́ríkà, Martin àti Chris Kratt, ló ṣe é. Ní 1999 wọ́n bẹ̀rẹ̀ Zoboomafoo fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 2011 wọ́n bẹ̀rẹ̀ Wild Kratts, tó jẹ́ àwòrán yíyà ní ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ti àkọ́kọ́ ló wù wá jù. Ẹranko kan bí ọ̀bọ a fò gba ojú fèrèsé wọlé, a jẹ ìpápánu, lẹ́yìn náà ni ọmọlángidi tó ń sọ̀rọ̀ a gba ipò rẹ̀. Ẹranko gidi ni ti ìṣáájú yẹn. Jovian lorúkọ rẹ̀, sifaka sì ni. Ilé ìtọ́jú ẹranko ti Yunifásítì Duke, ní North Carolina, ni wọ́n bí i sí ní 1994, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2014, àìsàn kíndìnrín ló pa á. Àwọn tó wò ó ní kékeré, tí wọ́n ti di géńdé nígbà náà, dárò rẹ̀.

Madagáskà nìkan ni irú sifaka yẹn ń gbé nínú igbó, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn. Irun rẹ̀ funfun, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní apá àti itan. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń tọ, ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń jó. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní fady, èèwọ̀ ni àwa ń pè é: wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i pé kò ṣàjèjì sí àwa tí ìdílé ìbejì wa kì í jẹ edun! Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣí wá láti ibòmíràn kò ní èèwọ̀ yẹn. Wọ́n ń sun igbó kí koríko lè hù fún màlúù, wọ́n ń gé igi fi sun èédú. Lónìí, sifaka yìí wà lára àwọn ẹranko tó sún mọ́ àtirun jù lọ.

Níbí ni a ti ní ẹjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú Wild Kratts. Nínú rẹ̀, ìkà ni ọ̀tá ẹranko: alásè kan tó fẹ́ se àwọn ẹranko tó ṣọ̀wọ́n, obìnrin kan tó fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹ̀wù. Ọmọdé a rẹ́rìn-ín, a sì kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sun èédú, bàbá ọlọ́mọ ni. Bí ọmọ bá wá fi ojú alásè yẹn wo bàbá tirẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí a sọ fún ìyá náà ni pé kó má na ọmọ, kó má sì fi í ṣẹ̀sín. Kó fún un ní ẹja. Kí bàbá sì kọ́ ọ ní ìyàtọ̀. Ọ̀yà ń bí púpọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń sìn ín nílé ní Benin wa níhìn-ín. Akika kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ kan ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìjọba sì fohùn ṣọ̀kan ní Johannesburg ní 2016 pé kí a má ṣe tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́.

Ìyá náà padà wá sọ fún wa. Ó ní bàbá pe ọmọ jókòó, ó dárúkọ ẹran tí ìdílé wọn kì í jẹ fún un. Ọmọ béèrè ìdí rẹ̀. Bàbá ní òun kò béèrè rí, ṣùgbọ́n bí àwọn bá lọ sí Kétu, àwọn yóò bi ìyá àgbà.