Ta Ló Bá Wa Tọ́jú Rẹ̀?

    

Láàárín ọdún díẹ̀ sí àsìkò yìí, irú ìbéèrè kan ti ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ mi. Ẹnìkan lọ tún ilé bàbá rẹ̀ àgbà ṣe, ó bá àpò awọ kan lórí àjà. Ẹlòmíràn ṣí àpótí ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ó rí ìdè Ifá tó kéré, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè gbà á. Ẹlòmíràn fi àwòrán ọpọ́n Ifá ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní ilé àwọn ní Nàìjíríà ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bi mí. Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Èló ni wọ́n lè rà á? Ǹjẹ́ agbára ṣì wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè kẹrin, èyí tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: Ta ló bá wa tọ́jú rẹ̀?

Èrò tèmi ni pé, bí ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ bá jáde síta lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọpẹ́ ẹni tó pa á mọ́ ni ètùtù àkọ́kọ́. Kí a tó bọ ọ́, kí a tó gbé e sójú ojúbọ, kí a wá ẹni náà lọ, yálà oníṣẹ̀ṣe ni, mùsùlùmí ni tàbí onígbàgbọ́ ni. N óò ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Odù Ìwòrì Méjì, níbi tí Ifá ti sọ bí ikin ṣe dé ọwọ́ ọmọ aráyé. Ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, gbogbo wọn ló sì di ẹni ńlá. Alárá wà nínú wọn, Ajerò wà nínú wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń dé ni wọ́n ń wólẹ̀, tí wọ́n sì ń kí bàbá wọn bí ó ti yẹ. Ọlọ́wọ̀ nìkan ló dúró ṣánṣán. Ó wò ó pé oyè tí bàbá òun ní, òun náà ní i, kò sì rí ìdí tí òun fi ní láti foríbalẹ̀. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó fi ayé sílẹ̀, ó gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú. Ìbímọ dáwọ́ dúró, odò gbẹ, irè oko kò ṣe. Àwọn ọmọ bá gbéra, wọ́n tọ bàbá wọn lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n tẹ́wọ́, ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó sì sọ fún wọn pé, láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá ń wá ire kan, òun ni kí wọ́n máa bi léèrè.

Àwa babaláwo a máa fi ìtàn yìí kọ́ni pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí, ẹ̀kọ́ náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo apá kejì rẹ̀. Ohun ìrántí ni ikin. Bàbá tí kò ní padà wá mọ́ ló fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ṣì ń wá a. Ilé tí ó fi í sílẹ̀ fún kò sì tòrò nígbà náà. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dùn wọ́n lọ́kàn. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi ní ẹsẹ̀ Ifá náà, kò sí ibi tí Ọ̀rúnmìlà ti ní kí Ọlọ́wọ̀ ká ọwọ́ tirẹ̀ kò. Àwọn ọmọ tẹ́wọ́, bàbá sì fún wọn. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ogún Ifá ti ń gba inú ilé tí èdè-àìyedè wà kọjá, tí ìfẹ́ kò sì jẹ́ kó sọ nù.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ló pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà ìsọjí ọdún 1930 ní Iléṣà, èyí tí orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá so mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kó ohun ìbọ ilé wọn jáde láti dáná sun. N kò mẹ́nu bà á láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí ọkàn wọn gbà gbọ́ ni wọ́n ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé, lẹ́yìn gbogbo iná wọ̀nyí, nǹkan ṣẹ́ kù. Ikin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá pamọ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ọwọ́ ènìyàn ló gbé e pamọ́, ọwọ́ náà sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti ṣèrìbọmi, tàbí ti ẹni tó ń kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá ńlá ti gbogbo ayé, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n kí ìkéde yẹn tó dé, orí àjà àti abẹ́ ibùsùn ni ibi tí a ń kó ogún wa pa mọ́ sí.

Mo rí irú rẹ̀ ní agboolé tiwa. Babaláwo ni bàbá mi àgbà. Nígbà tí ó pa ipò dà, ọmọdé ni mí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti gba ẹ̀sìn mìíràn. Ìlú mìíràn ni mo ti lọ kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá, ikin tí wọ́n sì fi tẹ̀ mí ní Ifá ni mo ń lò. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ikú bàbá àgbà tí a fi ń pààrọ̀ páànù ilé. Àwọn káfíńtà sọ àpò kan kalẹ̀ láti òkè yàrá àbúrò bàbá mi obìnrin. Ìrọ́kẹ́ tí a fi wáyà di ọrùn rẹ̀ wà nínú àpò náà, ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan wà níbẹ̀, ikin sì wà nínú igbá kékeré tí a fi aṣọ funfun wé. Epo ṣì wà lára ikin náà. Ẹni tó bá mọ ikin mọ̀ pé epo kò lè tutù lára rẹ̀ fún ogójì ọdún bí kò bá sí ẹni tó ń fi sí i. Alhaja ni ìyá yìí, ó ti dé Mẹ́kà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi epo sí i?” Ó dá mi lóhùn pé, “Èmi kò mọ ohun tí ẹ máa ń wí sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá mi kì í jẹ́ kó gbẹ.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìyá yìí kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ pé òun ń bọ Ifá. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sídìí ìṣẹ̀ṣe, ń pe òbí àti ẹ̀gbọ́n wọn ní ọ̀dàlẹ̀ tó ta àṣà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi orúkọ burúkú pe àwa náà rí, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń dunni. Ẹlòmíràn tún lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé wọ̀nyí kò tọ́jú ohunkóhun. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ilé mìíràn. Síbẹ̀, ẹni tí àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ti ní àyè tó láti dà á nù. Ebi ti pa á láàárín ọgbọ̀n ọdún náà, owó ilé ìwé ọmọ ti ká a lára, àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ sì ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò tà á. Bí kò tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀, ìfẹ́ ló dì í lọ́wọ́ mú.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi bí nǹkan ṣe gbó díwọ̀n iyì rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a máa gbẹ́ ère rẹ̀ fún ìyá. Ìyá náà yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fi osùn pa á, yóò máa fún un lóúnjẹ, yóò sì máa gbé e bí ọmọ. Nítorí ìwẹ̀ àti ìfọwọ́pa yìí, ojú ère a máa dán, títí tí imú àti ètè rẹ̀ kò fi ní hàn dáadáa mọ́. Ojú àjèjì lè rí i bí ohun tó ti bàjẹ́. Ọwọ́ ìyá ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí i.

Bí a bá ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ta la tún fẹ́ bi léèrè ẹni tó ni ọwọ́ náà? Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm, ní Jámánì. Láti Allada, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni ó ti dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àkójọ ẹrù rẹ̀ tó jáde ní 1659. Ó lé ní ọdún 350 tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ sì ṣì hàn gbangba. Ṣùgbọ́n bí babaláwo bá dúró níwájú rẹ̀ lónìí, kò mọ orúkọ babaláwo tó ń fi í dífá, kò sì mọ ọmọ ta ni yóò kí. Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ Adéṣínà, babaláwo tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n sọ ní Remigio Herrera níbẹ̀, tó sì kú ní 1905. Àwọn ọmọ Ifá ní Kúbà máa ń sọ pé ó gbé ikin mì kí ó lè gbé e la òkun já. Bí ó ti wù kí ìtàn náà jẹ́, orúkọ ẹni tó pa ogún mọ́ kò sọ nù: wọ́n ṣì ń pè é nínú ìjúbà níbẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí irú nǹkan báyìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ wá oníbàárà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: òfin Nàìjíríà láti 1979 kò gbà kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ikin, ẹ má sì gbọn ìyẹ̀rosùn tó kù lára ọpọ́n dànù. Ẹ ka ikin náà, ẹ wé e padà bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ sì pe babaláwo tí ìdílé yín gbẹ́kẹ̀ lé kó bi Ifá léèrè ohun tí a ó ṣe sí i.

Kí ó tó dé, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ẹ béèrè ẹni tó ni í, ẹ béèrè ẹni tó gbé e pa mọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò dùn mọ́ ọn. Ẹ má fi agbára mú un wá sídìí Ifá. Bí mùsùlùmí bá ni, ẹ gbé aṣọ lọ fún un ní Iléyá. Bí onígbàgbọ́ bá ni, ẹ lọ bá a ṣọdún Kérésìmesì. Bí mo ti ṣe fún Alhaja tiwa nìyẹn lọ́dọọdún títí tí ó fi jáde láyé. Lónìí, bí mo bá ń júbà ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, lẹ́yìn orúkọ bàbá àgbà ni orúkọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ kí a béèrè nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà. Kí Ifá má jẹ́ kí ilé wa ṣàìní ẹni tí yóò pa ogún mọ́, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà mọ oore. Àṣẹ.