Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ọwọ́ Ara Wa Kọ́ Ilé Rélùwéè

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ mi dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí a máa ń kó wá ní ìparí táàmù. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á ní ká fi páálí kọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa á lọ bẹ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe, owó á jáde, ilé tó ń dán á wọlé, máàkì á pọ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tiẹ̀, tí ògiri rẹ̀ wọ́ díẹ̀, máàkì kékeré ló máa gbà. Èyí ò dáa rárá.

Àbá tèmi nìyí: ká jọ kọ́ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1901, ní kékeré sórí tábìlì gígùn kan. Kíláàsì mẹ́fà, ibùdó mẹ́fà: Ìddó, Èbúté Mẹ́ta, Agége, Ìfọ̀, Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, àti Ìbàdàn.

Ẹnì kan á ní, ṣebí àwọn òyìnbó ń ta ilé rélùwéè kéékèèké, ká kàn rà á ká tò ó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ilé tiwọn ni wọ́n ń tà, tó ní ọ̀nà èéfín gogoro lórí òrùlé torí òtútù ibẹ̀. Ojú irin wọn náà ò bá tiwa mu. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 1:87, ìyẹn ni pé a fi 87 pín gbogbo nǹkan. Ojú irin Amẹ́ríkà àti Jámánì sábà máa ń fẹ̀ ní mìlímítà 1,435. Tí a bá pín in, ó di 16.5. Tiwa àtijọ́ jẹ́ 1,067. Òun ò ju 12 àti díẹ̀ lọ. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 ló fẹ̀ bíi tiwọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí a ò bá kọ́ Láfẹ́nwá fúnra wa, ta ló fẹ́ bá wa kọ́ ọ?

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Fótò tí wọ́n yà láti iwájú ilé gan-an ti tó. Ilẹ̀kùn sábà máa ń ga tó mítà méjì. Tí ògiri bá ga tó ilẹ̀kùn méjì, mítà mẹ́rin nìyẹn. Fi 87 pín in, ó di sẹ̀ǹtímítà 4.6. Páálí bàtà la ó fi ṣe ògiri. Tí a bá bó awẹ́ kan kúrò lára páálí ìndómì, inú rẹ̀ á jọ páànù òrùlé. Igi ìgbálẹ̀ á di òpó, sítáàṣì á di gọ́ọ̀mù. Àwọn ará JSS ò gbọdọ̀ mú bíléèdì láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn o.

Mo ti gbọ́ èyí náà: kí ló kàn wá, nígbà tí rélùwéè ò gba Ìjẹ̀bú kọjá? Ilé àtijọ́ ló kàn wá. Ní Èbúté Mẹ́ta, pẹ́tẹ́ẹ̀sì rélùwéè kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898, Jaekel House ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy ló tún un ṣe, wọ́n wá ń kó ohun àtijọ́ rélùwéè síbẹ̀. Ìyẹn rí ẹni gbà á là. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbí ńkọ́? Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń wọn Láfẹ́nwá láti inú fótò á lè wọn ilé bàbá bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó wó o.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo dídán nìkan fún wa ní máàkì mọ́. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, kó sì gé ògiri kan lójú yín. Ká bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀. Ní ti SS2, ẹ fi Láfẹ́nwá sílẹ̀ fún wa.