Orúnkún mi àti orí ẹní

Ẹ rí i pé orí àga ni mo ti ń dá Ifá báyìí. Ọ̀kadà ló gbá mi l'Ókokomáíkò láyé ọjọ́un, ara wá tún sanra lé orúnkún náà lórí. Dókítà ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ kù, àmọ́ kí n kọ́kọ́ máa ṣeré ìdárayá. Mo bi Ifá, Ifá fọre.

Ni mo bá ṣe akin, mo rìn láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà. Lálẹ́, orúnkún wú bí àgbọn!

Ẹni tó ń wo oríkèé ara ló kọ́ mi: jókòó sórí àga, na ẹsẹ̀ kan síwájú, ka 1 dé 5, sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìrìn ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bó bá ta yín gan-an tàbí tó wú, ẹ dúró. Iṣan itan tó bá le ló ń bá orúnkún gbẹ́rù. Kílò 1 téèyàn bá sì fi fúyẹ́, bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún níṣìísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́dún Ifá tó ń bọ̀, orí ẹní ni mo fẹ́ bá yín jókòó.