Ẹ Má Rẹ́ Àlejò Lọ́kọ́jà Jẹ

Láti ọdún 2020 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Warri wá sí Ìtakpẹ́, a ti ń rí àlejò tó fẹ́ fúnra rẹ̀ háyà mọ́tò wo Lọ́kọ́jà. Wọ́n ń lọ sí Òkè Patti, níbi tí ilé Lugard wà, àti ibi tí Odò Ọya ti pàdé Bénúé. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ ní 1900.

Ṣùgbọ́n ojú ń tì wá. Bí awakọ̀ kan bá ti mọ̀ pé àlejò ni èrò, owó á di ìlọ́po mẹ́ta. A kò ní purọ́, àwọn ọmọ tiwa wà nínú wọn. Ìdílé kan tí a gbà lálejò ti san gbogbo owó tán kí awakọ̀ tó já wọn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè. Rélùwéè kì í dúró de ẹnì kan. Ó ti lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

À ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ kí wọ́n kọ iye owó sára pátákó ní gáréèjì. Ẹ̀yin àlejò, ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó padà, kí ẹ sì mú owó díẹ̀ dání títí ẹ ó fi délé.

Àlejò ni àwọn baba wa nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí. Bí onílé bá ti rẹ́ wọn jẹ nígbà náà, níbo ni à bá wà lónìí?