Ibi Tí A Bá So Ewúrẹ́ Mọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Dókítà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tí ń kọ̀wé lọ. Bí ẹ bá gba alágbàṣe, tí ẹ ń ka ebè sanwó fún un, ebè yóò pọ̀, ṣùgbọ́n yóò kéré. Bí ó bá jẹ́ owó ojúmọ́ ni ẹ ń san, ọ̀sán kì yóò tíì pọ́n tí yóò fi máa wá ibòji. Kì í ṣe pé ènìyàn burúkú ni. Ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti í jẹ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti dókítà. Ẹni tí a ń sanwó abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan fún yóò máa rí ìdí tí abẹ́rẹ́ kejì fi yẹ. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìjọba gba àwọn ilé ìwòsàn láyè láti fi èrè 15 nínú 100 lé owó oògùn. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Oògùn àkọjù, àti oògùn olówó gọbọi. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí i. Ó di ọdún 2017 kí ó tó kan gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba.

Ètò adójútòfò ìlera tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 2005 gba ọ̀nà mìíràn. Ilé ìwòsàn tí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ sí ń gba iye kan lóṣooṣù lórí rẹ̀, ìbáà wá, ìbáà má wá. Èyí dá àṣejù dúró. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá jókòó sílé, èrè ni fún wọn. Bí ó bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òfò ni. Kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ pé: "Oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta," tàbí kí wọ́n yára tari aláìsàn sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ìnáwó rẹ̀ lè kúrò lọ́rùn wọn.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò yìí di dandan fún gbogbo wa, títí kan àgbẹ̀. Nítorí náà ni a kò fi gbọdọ̀ dákẹ́. Ohun tí a ń béèrè nìyí: kí owó orí náà tó iṣẹ́ ṣe, kí a fi owó kún un fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé àti ìtọ́jú aboyún, tí í dènà àrùn, kí aṣojú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì wà níbi tí a ti ń yẹ ìwé ilé ìwòsàn wò.

Kí a tó bú ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àwa fúnra wa so ó mọ́.